Omi Orí Àyọ̀ká

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Èrèlé, ọdún ẹgbàá lé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni. Ọyẹ́ tó yẹ kó ti ká ẹní rẹ̀ kúrò nílùú Ìsẹ́yìn kò tíì lọ. Eruku funfun bo gbogbo òrùlé, oòrùn yọ bí ojú ẹni tí kò sùn dáadáa, afẹ́fẹ́ sì gbẹ débi pé ètè ń là. Ìbídùn dúró níwájú Gbọ̀ngàn Ẹlẹ́rìí, ó ń bá ilẹ̀kùn jiyàn.

"Ta ni ìwọ?" ni ilẹ̀kùn bi í.

"Ìbídùn ni mí, ìyá Ṣìjúadé, ará Òkè-Ọjà."

"Ohùn yìí kò bá ohùn Ìbídùn mu. Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

Ọyẹ́ ló há a lọ́fun. Ó wúkọ́, ó tún orúkọ rẹ̀ pè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀rí tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń kùn pé ẹni tí ilẹ̀kùn kò bá mọ̀, kó yà sápá kan fún ẹni tí ilẹ̀kùn mọ̀.

"Ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gbẹ́ni," ni Ìbídùn wí láìwẹ̀yìn. "Ilẹ̀kùn tó mọ̀ yín lónìí lè gbàgbé yín lọ́la."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni ilẹ̀kùn ti ṣí láti inú. Obìnrin kan tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó wọ ẹ̀wù ẹnjinníà, jáde wá, ó sì fi orúnkún kan kanlẹ̀. Àrínọlá ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tí Ìbídùn tìtorí rẹ̀ wá. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tirẹ̀ kan ti ìyá àgbà náà.

"Èmi ni ẹlẹ́rìí," ni ó sọ fún ilẹ̀kùn. "Mo rí wọn, mo gbọ́ wọn, àwọn ni."

Ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì yí padà, wọ́n di àwọ̀ ewé tuntun.

"Ẹ káàbọ̀, Ìbídùn," ni ilẹ̀kùn wí, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí i, mà," ni Àrínọlá ń sọ bí wọ́n ti ń wọlé lọ. "Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń há èèyàn lọ́fun ló ti ń lé gbogbo ayé. Lánàá, ó lé Alàgbà Ọ̀tẹ̀gbèyẹ, àwọn tí wọ́n ni àga ìdájọ́ tó wà nínú ibí gan-an."

"Kí wá ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n jókòó síta gbangba títí ìyàwó wọn fi wá jẹ́rìí pé ọkọ òun ni."

"Bí ìyàwó bá ń bínú lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"À bá ti máa wá adájọ́ mìíràn, mà."

Gbádégẹṣin ti ń dúró dè wọ́n nínú gbọ̀ngàn. Òun ni olórí Ìràwọ̀ Òkè, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré ẹ̀rọ tí tọmọdé tàgbà fi ń najú. Ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, ó sì ti nàró kí èèyàn tó dá a lóhùn. Báyìí ni ìdọ̀bálẹ̀ àwọn tó ń kánjú ṣe máa ń rí.

"Màmá wa, ẹ káàbọ̀. À ń retí yín bí ẹni retí òjò."

"Òjò tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀yìn ibodè omi náà lẹ tún ń retí?"

Gbádégẹṣin fi eyín rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a dá sí i. Ó nawọ́ sí àárín gbọ̀ngàn, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ gíláàsì funfun roboto, tó fẹ̀ bí yàrá kan. "Mo bẹ̀ yín, mà, ẹ má ṣe tẹ ibẹ̀. Ohunkóhun tó bá wọ orí funfun yẹn, inú géèmù ló wọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fìlà ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa bọ́ síbẹ̀. Bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ewúrẹ́ kan ń dé e kiri ọjà."

"Ṣé ó yẹ ẹ́?"

"Ó yẹ ewúrẹ́ ju onífìlà lọ," ni Àrínọlá dáhùn láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìbídùn jókòó sórí àga tí wọ́n fà fún un. Ó ti lé ní ogójì ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ pe iye tí kò bá dá a lójú, tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ti ṣe eré tí wọ́n pè ní Ibodè Odò. Àwọn mẹ́ta náà ti sùn. Ládépò tó kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ti lọ, Ọmọ́yẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ti lọ, Fẹ̀hìntọ́lá tó yá Àyọ̀ká Apọnmi, akọni inú eré náà, ní ohùn náà ti tẹ̀ lé wọn. Ìbídùn ló kọ ìtàn eré náà, òun náà ló rin ìrìn Àyọ̀ká kí ẹ̀rọ lè wò ó kọ́. Kò ku ẹlòmíràn láyé tó lè wí pé òun mọ Àyọ̀ká láti ilé ọmọ.

Kò sì sí ilé kan nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti mọ Àyọ̀ká. Nínú eré náà, Oníbodè ti odò pa mọ́ gbogbo ìlú. Àyọ̀ká gba inú igbó lọ, ó pọn omi, ó rù ú, ẹni tó ń ta eré ló sì ń tọ́ ọ sọ́nà títí yóò fi padà dé ẹnu ibodè. Níbẹ̀ ni Oníbodè ti ní kó kúnlẹ̀ kí òun tó jẹ́ kó kọjá. Àyọ̀ká kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ mí, kó wá sọ̀ mí." Kò sí ẹni tó jáde wá bá a sọ ẹrù. Ó kú lórí ìdúró, omi kò sì ta sílẹ̀. Lọ́dún tí eré yẹn jáde, àwọn àgbàlagbà sunkún. Ọmọbìnrin tí wọ́n sọ ní Àyọ̀ká lọ́dún náà pọ̀ débi pé tíṣà á pe orúkọ kan, ìdajì kíláàsì á dáhùn.

Wàyí o, Ìràwọ̀ Òkè fẹ́ gbé e dìde sínú Ibodè Odò Kejì. Òfin Ẹlẹ́rìí kò sì gbà kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni dìde, ìbáà ṣe òkú èèyàn, ìbáà ṣe ẹni inú ìtàn tí ayé ti mọ̀, àfi bí alààyè kan tó mọ̀ ọ́n bá dúró tì í, kó wí pé, "Òun ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ geerege," ni Gbádégẹṣin wí. "Ẹ ti gbọ́ ti olórin Ṣakí yẹn?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó ń wúkọ́. Wọ́n gbé e dìde, wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti fi ikọ́ sí i lọ́fun. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti wí pé òun ni, àfi gbuhú láàárín orin. Èdìdì ti lẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un ṣe mọ́. Títí di òní, bó bá kọrin ìfẹ́ dé ìdajì, á wúkọ́."

"Ibi ikọ́ yẹn ni màmá mi fẹ́ràn jù nínú orin náà," ni Àrínọlá wí.

"Àrínọlá, tan án."

Ilẹ̀ funfun náà mọ́lẹ̀ yòò. Eruku ilẹ̀ pupa hù jáde, odi ìlú dìde, ẹnu ibodè yọ, Oníbodè sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n tí Ọmọ́yẹni fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Níwájú rẹ̀ ni Àyọ̀ká wà. Ìbídùn fi ọwọ́ di apá àga mú. Ọrùn gígùn yẹn ni, ilà ojú yẹn ni, ọ̀nà tí èjìká òsì fi máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ ni. Wọ́n dirun ṣùkú sí i lórí, wọ́n sì so ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó ń dán. Ṣùgbọ́n lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ó wà.

"Oníbodè, ẹ foríjì mí," ni Àyọ̀ká wí, ohùn Fẹ̀hìntọ́lá gan-an ni. "Omi tí mo pọn, tiyín ni."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n, nítorí ohùn tí kò tíì ní ẹlẹ́rìí ló ń sọ̀rọ̀.

"Níbo ni ìkòkò orí rẹ̀ wà?" ni ó béèrè.

"A gbé e kúrò, mà. Oríṣi irun ni àwọn ọmọ ìwòyí ń rà sínú géèmù. Bí ìkòkò bá bo irun mọ́lẹ̀, kí ni wọn yóò rà?"

"Irun ni, àbí ẹni tó ni ibodè omi ni kò fẹ́ fojú kan ìkòkò?"

Gbádégẹṣin sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "N kò ní purọ́ fún yín. Ilé-iṣẹ́ Omi ló ń gbọ́ bùkátà eré yìí. Ẹ ti rí àwọn ọmọ tó ń wọ àwòrán Àyọ̀ká lọ dúró ní ẹnu ibodè omi. Wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò kúnlẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀. Àwọn kan nínú wọn wà ní àtìmọ́lé báyìí. Bí wọ́n bá rí i pé Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, wọn á gba ilé wọn lọ. Ṣé kì í ṣe àánú nìyẹn, mà?"

Ìbídùn mọ ohun tí ibodè omi jẹ́. Ibodè omi kan kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Òkè-Ọjà. Ojú ẹ̀rọ tó ń wo oníbàárà wà nísàlẹ̀ pátá, kò ga ju orúnkún lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, wọ́n ní nítorí kí ọmọdé lè dé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kò rí i, ẹni tí ẹ̀rọ kò bá sì rí, òùngbẹ ni yóò pa á. Ìbídùn kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ títí ìyá fi wọ káà ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ, kò sì kà á sí ẹ̀sín rí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ihò gíláàsì kan lára ògiri ni ó tó mọ̀ pé orúnkún lè máa tijú.

"Ládépò ló ní ká gbé omi rù ú," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó ní bí a bá ṣe obìnrin kan tó dúró ṣánṣán níwájú àgbà, àwọn ìyá wa á pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, wọn ò ní gba tirẹ̀. Ọmọ́yẹni wá ní, ẹni tó ru ẹrù kì í sáà kúnlẹ̀. Ìdí tí ìkòkò fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, apá ẹnikẹ́ni kò sì ká orúnkún rẹ̀. Ẹ sọ ẹrù rẹ̀ tán, ẹ wá ní kó kúnlẹ̀. Kí ni ì bá ṣe?"

"Ẹ̀yin náà rí i pé ìwà rẹ̀ ni ó hù," ni Gbádégẹṣin yára gbà á. "Kò sí ohun tó ṣe nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èyí. Ìrìn rẹ̀, èémí rẹ̀, bó ti máa ń sọ ẹrù fún àwọn obìnrin etí odò ní ìbẹ̀rẹ̀ eré kí ó tó ru tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ la kó sí i nínú. Bí ẹ bá wí pé òun kọ́, ẹ̀rọ Alàgbà yóò wọn ohun tí ẹ sọ wò, yóò sì já yín nírọ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹlẹ́rìí èké ṣe, mà. Èmi kò fẹ́ kó kàn yín."

Ìbídùn mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Kò sí ilẹ̀kùn tó gbọ́ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ọsibítù ń wò kọjá lórí rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ń wí pé èmi bàbá rẹ ni, fóònù sì ń sọ fún ọmọ náà pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìlà.

Ọ̀rọ̀ wá di iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Bí ó bá wí pé òun ni, Àyọ̀ká yóò wà lórí orúnkún títí ayé, èdìdì kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e dìde. Bí ó bá wí pé òun kọ́, bóyá irọ́ ni, nítorí ọrùn yẹn àti èjìká yẹn kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ìbídùn kò purọ́ rí nípa iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ fi ọjọ́ ogbó kọ́ ọ.

Àrínọlá dìde, ó mú korobá kan àti òṣùká. "Ẹ̀rọ ti ń gbóná, ọ̀gá. Omi inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀."

"Tètè dé. Alàgbà ti wà lọ́nà."

"Jẹ́ kí n bá ọ jáde," ni Ìbídùn wí. "Kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi."

Ní àgbàlá, ibodè omi wà lára ògiri. Àrínọlá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbé ojú sókè sí ihò gíláàsì náà, omi sì dà. Ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, Ìbídùn bá a gbé korobá náà rù. Wọ́n ń padà bọ̀ ni Alàgbà Ọ̀tẹ̀gbèyẹ wọlé láti ẹnu ọ̀nà kejì. Arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tó mú ọ̀pá dání. Ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀rín, kò sì ní ìkà. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà Ilé-iṣẹ́ Omi ń tẹ̀ lé e. Ibi tí Gbádégẹṣin ti sáré yọ láti inú gbọ̀ngàn ni ó ti na gbogbo ara sílẹ̀ gbalaja. Fún tẹni yìí, kò fi ìka lásán kan ilẹ̀. Ìbídùn náà kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ni Alàgbà fi ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àrínọlá nìkan ló wà lóòró.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹrù wà lórí mi."

"Mo rí i, ọmọ mi," ni Alàgbà wí, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà fún un. "Máa lọ jẹ́jẹ́, kó má dànù."

Ó wọlé lọ, àwọn ọkùnrin méjèèjì tẹ̀ lé e. Ìbídùn wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kò tètè dìde. Ọ̀rọ̀ tí Gbádégẹṣin fi yangàn ló padà sí i létí: bó ti máa ń sọ ẹrù fún àwọn obìnrin etí odò. Ọwọ́ Àyọ̀ká kò tíì ṣófo rí nínú eré àkọ́kọ́, àyàfi níbẹ̀ yẹn, ní ẹnu odò, kó tó ru tirẹ̀. Kò sì sí ẹlẹ́rù kan tó rí tí kò lọ gbà á lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun lóòótọ́, yóò ṣe é. Bí kò bá ṣe é, òun kọ́. Ẹ̀rọ kankan kò sì lè já ìyẹn nírọ́.

"Àrínọlá," ni ó wí. "Sọ omi yẹn kalẹ̀, kí o wá gbé e rù mí."

"Mà? Ẹ̀rọ ló fẹ́ mu ún."

"Ẹ̀rọ á mu nígbà tó bá kàn án."

"Ọrùn yín ńkọ́?"

"Ọrùn tó ti ń gbé orí yìí fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni kò ní lè gbé korobá?"

Àrínọlá wò ó lójú. Ó sọ korobá náà kalẹ̀, ó ká òṣùká náà dáadáa, ó sì fẹ́ dà lára omi náà nù kó lè fúyẹ́.

"Má dà á," ni Ìbídùn wí. "Àyọ̀ká kò dà á nù fún Oníbodè. Gbé e bó ti wà."

Nígbà tí Ìbídùn wọ gbọ̀ngàn, Alàgbà ti jókòó. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ẹlẹ́rìí kúnlẹ̀ níwájú àga kí ó tó la ẹnu. Ìbídùn rìn wá pẹ̀lú omi lórí, ó fi ọwọ́ kan di etí korobá, èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ó dúró.

"Ẹ káàárọ̀, Alàgbà. Ẹrù wà lórí mi."

"Kí lèyí?" ni ọkùnrin Ilé-iṣẹ́ Omi béèrè. "Ẹ ní kó kúnlẹ̀."

"A kì í béèrè ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ru ẹrù," ni Alàgbà wí láìwo ojú rẹ̀. "Àbí ẹ̀yin kò ní ìyá nílé ni? Ẹ sọ̀ ọ́."

Gbádégẹṣin sáré síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

"Rọra, ọmọ mi," ni Ìbídùn wí. "Ìwọ kọ́ ni mo bẹ̀. Alàgbà, wọ́n ní kí n wo ẹnì kan, kí n sì sọ bóyá òun ni. Ẹ̀rí èké ń bà mí lẹ́rù, n kò sì fẹ́ wò ó láti òkèèrè. Ẹ gbà mí láyè kí n sún mọ́ ọn."

Alàgbà ronú díẹ̀. "Òfin kò dá ibi tí ẹlẹ́rìí yóò dúró sí. Máa lọ."

"Sà, orí funfun yẹn," ni Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbídùn ti gbé ẹsẹ̀ lé e.

Eruku pupa gbà á, odi ìlú yí i ká. Oníbodè jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àyọ̀ká wà lórí orúnkún níwájú rẹ̀, ó kéré ju bí ó ti rántí lọ, tàbí bóyá òun ni ó ti dàgbà. Ọrùn rẹ̀ ń dùn ún. Omi ń mì létí korobá, ṣùgbọ́n kò ta sílẹ̀. Ó tún ọ̀fun ṣe, ọ̀fun tí ilẹ̀kùn kò mọ̀ láàárọ̀, ó sì wí pé:

"Ẹni tó bá mọ̀ mí, kó wá sọ̀ mí."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àyọ̀ká ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin Ilé-iṣẹ́ Omi rẹ́rìn-ín ìdí imú. Ìbídùn ti ń palẹ̀ ẹnu mọ́ láti wí pé òun kọ́. Ó sì dùn ún, nítorí ó ti gbàgbọ́ nínú ara rẹ̀ pé òun ni.

Ni Àyọ̀ká bá gbé orí sókè.

Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbi ẹrù, kì í ṣe síbi ẹlẹ́rù, bí ojú gbogbo ẹni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa ti máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó gbé orúnkún ọ̀tún, ó gbé ti òsì. Oníbodè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ, Àyọ̀ká kò gbọ́ ọ; ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó rìn wá bá Ìbídùn, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni ohùn Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Ẹ ti rìn jìnnà."

"Pa á," ni Gbádégẹṣin wí. "Àrínọlá, pa á."

Àrínọlá dúró ti ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. "Ó ń gbóná, ọ̀gá," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bí mo bá pa á báyìí, á bàjẹ́." Kò sì pa á.

Ọwọ́ ìmọ́lẹ̀ náà gba korobá ìmọ́lẹ̀ lórí Ìbídùn, nítorí ohun tó bá ti wọ orí funfun yẹn, inú eré ló wọ̀. Omi gidi wà lórí arúgbó níbẹ̀, ó wúwo bó ti wúwo, ṣùgbọ́n nínú ayé eré, ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àyọ̀ká gbé e, ó wò yíká bí ẹni ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Kò rí ibi kankan àyàfi ẹsẹ̀ Oníbodè. Ó gbé e ru ara rẹ̀. Ṣùkú olówó iyebíye náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ korobá, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fọ́n ká sínú eruku. Ọrùn náà nà. Ó yíjú sí Oníbodè, ó sì dúró.

"Ẹlẹ́rìí," ni Alàgbà Ọ̀tẹ̀gbèyẹ pè.

"Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró díẹ̀," ni Gbádégẹṣin wí. "Kì í ṣe bí a ti ṣe é nìyí."

"Mo gbọ́. Ẹlẹ́rìí, kí lo rí?"

Ìbídùn kò kánjú. Ó wo ọrùn, ó wo èjìká. Ó wo ọwọ́ òsì tó rọ̀ sílẹ̀, tí kò di korobá mú, nítorí ọ̀tún nìkan ni Àyọ̀ká fi máa ń dì í. Ó wo orúnkún méjèèjì, eruku pupa wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n nà. Ó bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá irọ́ wà nínú ohun tó fẹ́ sọ. Kò rí ọ̀kankan.

"Òun ni," ni ó wí.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ gbogbo wọn kúrò ní pupa, wọ́n di àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi mọ́ ti Gbádégẹṣin tó ń gbìyànjú láti fi etí aṣọ bo tirẹ̀. Ohùn èdìdì dún nínú ògiri, ó rọlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn àká.

"Bí ẹlẹ́rìí ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà," ni Alàgbà wí.

"Lórí ìdúró?" ni ọkùnrin Ilé-iṣẹ́ Omi béèrè. "Títí ayé?"

"Lórí ìdúró, pẹ̀lú omi lórí. Bí ẹ bá fẹ́ kó kúnlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí Àyọ̀ká yóò gbà fún kó sọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tó sọ: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni."

Gbádégẹṣin yíjú sí Ìbídùn. Gbogbo ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀, ó sì dà bí ọmọ tó ń bínú sí ìyá ẹni ẹlẹ́ni. "Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kò sí ohun tó ṣe nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èyí," ni Ìbídùn dá a lóhùn. "Òótọ́ lẹ sọ. Iṣẹ́ yín dára."

Ó jáde kúrò lórí funfun, ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù. Ọrùn rẹ̀ ti kú tipiri. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Ẹ sọ̀ mí," ni ó wí.

Àrínọlá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó wá.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí èdìdì lẹ̀ nìwọ̀nyí: Alàgbà Ọ̀tẹ̀gbèyẹ, lórí àga, Gbádégẹṣin, olórí Ìràwọ̀ Òkè, ọkùnrin kan láti Ilé-iṣẹ́ Omi, tí kò sọ orúkọ rẹ̀, tó sì jáde kí wọ́n tó sọ omi náà kalẹ̀, Àrínọlá, ẹnjinníà, àti Ìbídùn, ìyá Ṣìjúadé, ẹlẹ́rìí. Oníbodè wà níbẹ̀, ó jókòó. Ewúrẹ́ onífìlà kan gba ẹ̀yìn odi kọjá. Àyọ̀ká Apọnmi wà níbẹ̀, lórí ìdúró.